Kí Ọkọ Tó Wọlé: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Ìyá Tó Ń Dá Ọmọ Tọ́

  

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwọn ènìyàn wa ní Àgbádárìgì àti ní àwọn ìlú tó wà létí òkun yìí. Obìnrin kan ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ó ní ọmọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú, tàbí kí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀. Òun nìkan ló ń gbọ́ bùkátà ilé. Ọkùnrin rere kan wá dìde pé òun fẹ́ fi í ṣe aya. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí obìnrin yìí wí pé, kí a tó so yìgì, kí a tó kó ẹrù sábẹ́ òrùlé kan, ẹ jẹ́ kí á jókòó ka owó? Àwọn kan ní ó tọ́. Àwọn mìíràn ní obìnrin tó bá ń ka owó kí ó tó fẹ́ ọkọ, owó ló ń fẹ́, kì í ṣe ọkọ. Wọ́n tún ní ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun kì í ṣírò ohun tí òun yóò jẹ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, nítorí pé ọmọ wà nínú rẹ̀. Àgbàlagbà méjì lè fẹ́ ara wọn kí wọ́n sì jọ jìyà, ìyẹn kò ju pé wọ́n fi ojú ara wọn yan ohun tí wọ́n yàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje kò yan nǹkan kan. Ohun tí àwọn àgbà bá bá ara wọn sọ, tàbí tí wọ́n kọ̀ láti bá ara wọn sọ, ni yóò jẹ. Nítorí náà, èrò tiwa ni pé ìṣirò náà tọ́. Ó tilẹ̀ ju pé ó tọ́ lọ, ọ̀ranyàn ni, nítorí pé lára owó tí ìyá náà ń ná, èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a óò tún rí i níwájú pé ìṣirò ní ibi tí ó gbọdọ̀ dúró sí, àti pé ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ lè fi ìwé ìṣirò tú ilé rẹ̀ ká.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ní ayé àwọn baba wa, ìbéèrè yìí kì í sábàá jáde. Bí ọkọ bá kú, ẹbí ọkọ ni yóò jókòó, wọn a sì ṣú opó náà fún àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n olóògbé. Ilé tí ó wà náà ni yóò máa gbé, ọwọ́ àwọn tó ń bọ́ ọmọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni owó yóò máa gbà. Ẹ̀sìn wa wá sọ nínú Súrà Nísáì pé kò tọ́ kí a jogún obìnrin ní túlààsì. Opó tó bá ti parí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀, tàbí tó bá ti bímọ bí ó bá lóyún, òun ló láṣẹ láti wí pé òun yóò fẹ́ ẹni báyìí tàbí pé òun kò ní fẹ́ ẹ. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fún ní àǹfààní láti yàn, a ti fún un ní iṣẹ́ láti ronú pẹ̀lú.

Àwọn obìnrin etíkun wa kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn kan ń yan ẹja, àwọn kan ń fún òróró àgbọn, àwọn kan ń hun ẹní, àwọn kan ń yan gàrí, àwọn kan ń nájà ní Agbalátà, wọ́n sì ń gbé e lọ sí Èkó. Àwọn mìíràn jẹ́ olùkọ́, nọ́ọ̀sì, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá ti dá ilé gbé fún ọdún mélòó kan, ó ti mọ bí náírà kọ̀ọ̀kan ṣe ń rìn. Ọkọ tó ń bọ̀ kò bá ilé òfìfo. Ilé tó ti ní ètò ló bá, bí ètò náà tilẹ̀ kéré.

Owó ta ni owó inú àpò ìyá?

Náírà kì í kọ orúkọ ẹni tó ni ín sára. Ìdí nìyí tí owó oríṣiríṣi fi lè wà nínú àpò kan ṣoṣo tí a ó sì máa pe gbogbo rẹ̀ ní owó Ìyá Lágbájá. Bí a bá tú àpò náà wò, a óò rí owó mẹ́rin níbẹ̀.

Èkíní ni owó tirẹ̀ gan-an: owó oṣù rẹ̀, èrè ọjà rẹ̀, sọ̀dáàkì tí ọkọ àkọ́kọ́ san fún un, àti ìpín tirẹ̀ nínú ogún bí ó bá jẹ́ opó. Ẹ̀sìn wa kò fi ọwọ́ ọkọ kankan sí èyí. Bí inú rẹ̀ bá dùn tó sì fi tọrẹ fún ọkọ, ó di ọrẹ. Bí kò bá fẹ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Èkejì ni owó àwọn ọmọ. Bí baba wọn bá ti kú, ohun tí ó fi sílẹ̀ fún wọn jẹ́ ohun ìní ọmọ òrukàn. Bí baba wọn bá wà láàyè, owó oúnjẹ àti aṣọ wọn ṣì wà lọ́rùn baba náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe àṣìṣe níbí. Wọ́n rò pé bí ìyá bá ti fẹ́ ọkọ mìíràn, baba ọmọ ti bọ́ nínú ẹrù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yìgì tuntun tí ìyá so kò tú okùn tó wà láàrin baba àti ọmọ. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2007, náà mọ̀ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú lọ́wọ́ òbí rẹ̀ méjèèjì. Ìyá tí baba ọmọ bá sá mọ́ lọ́wọ́ lè lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń gbèjà ará ìlú ní kóòtù láìgbowó, tàbí sí ilé ìlàjà ìjọba, lẹ́yìn tí àwọn àgbà àti àwọn àlùfáà bá ti dá sí i tí kò gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni owó olówó: àjọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan àmọ́ tí ó gbọdọ̀ máa dá, owó tí ó yá ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ọjà tí ó gbà láwìn. Ẹni tó bá fi owó awìn se ọbẹ̀ fún ọkọ, gbèsè ló ń bu fún un.

Ẹ̀kẹrin ni owó tí kò tíì dé, èyí tí ọkọ tó ń bọ̀ gbọdọ̀ mú wá. Oúnjẹ ìyàwó, aṣọ rẹ̀ àti ilé tí yóò gbé, ọrùn ọkọ ni wọ́n wà, ní ìwọ̀n agbára rẹ̀. Súrà Tàlákì ṣàlàyé pé olówó yóò ná bí olówó, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ nǹkan yóò ná nínú èyí tí Ọlọ́hun fún un. Ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ tí ìyàwó mú wọlé yàtọ̀. Òfin kò gbé bùkátà wọn lé ọkọ ìyá wọn lórí. Bí ó bá ṣe é, sàárà ńlá ni.

Bí a bá ti to àwọn owó mẹ́rin yìí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a óò rí i pé ẹni tó ní kí ìyá náà má ṣírò ohunkóhun, ohun tí ó ń sọ ni pé kí ó da owó òun, owó ọmọ, àti owó olówó pọ̀ mọ́ra kí ẹlòmíràn lè bá a ná an. Àwa kò rí ibi tí ìfẹ́ wà nínú ìyẹn.

Àpẹẹrẹ igi àgbọn

Ẹ jẹ́ kí á mú un wá sórí ohun tí gbogbo wa mọ̀ ní etíkun. Àgbádárìgì ni ìlú àgbọn. Ẹni tó bá gbin àgbọn onígi gíga, yóò tó ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó rí èso rẹ̀, ṣùgbọ́n igi náà lè so fún ọgọ́ta ọdún. Bàbá kan lè gbin àgbọn lónìí kí ó kú kí ó tó já ẹyọ kan níbẹ̀. Igi náà yóò bọ́ ọmọ rẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi ní ọmọ.

Ká sọ pé ọkùnrin kan kú ní Ajárá, ó fi igi àgbọn mẹ́rìnlélógún tí ó jẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ kò sì sí láyé mọ́. Lẹ́yìn tí a bá ti san gbèsè rẹ̀ tí a sì ti mú àsọsílẹ̀ rẹ̀ ṣẹ, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó, ìyẹn igi mẹ́ta. Ó ku igi mọ́kànlélógún. Ọmọkùnrin yóò gba mẹ́rìnlá, ọmọbìnrin yóò gba méje. Ìṣirò yìí kò le, ọmọ ilé kéwú lè ṣe é.

Ọdún méjì kọjá. Ìyá náà fẹ́ ọkọ mìíràn, ọkọ náà sì kó wá sí ilé náà nítorí pé ó rọrùn fún un láti ibẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Ó rí igi mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn ilé. Ó pe agàgbọn, wọ́n já èso, ó tà á ní Agbalátà, ó fi owó rẹ̀ tún ọ̀kadà rẹ̀ ṣe. Kò sí ẹni tó pariwo, nítorí pé bàbá ilé ló já a. Òun gan-an kò rò pé òun jalè. Ṣùgbọ́n nínú igi mẹ́rìnlélógún tí ó já, mọ́kànlélógún jẹ́ ti ọmọ òrukàn, mẹ́ta tó kù jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀. Kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀. Gbogbo wa sì mọ ìkìlọ̀ tó wà nínú Súrà Nísáì fún ẹni tó bá ń jẹ dúkìá ọmọ òrukàn lọ́nà àbòsí, tí a fi iná inú ikùn ṣe àpèjúwe rẹ̀.

Ìyá fúnra rẹ̀ lè fi owó àgbọn àwọn ọmọ bọ́ wọn, kí ó fi ra ìwé fún wọn, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Alámòójútó tí kò ní lọ́wọ́ lè jẹ nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ nítorí iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Èyí tó rí já jẹ kí ó mú ọwọ́ kúrò. Nígbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà tí a sì rí i pé orí wọn pé, a ó kó ohun ìní wọn lé wọn lọ́wọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí. Bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, kí ọkọ tó wọlé, ẹ ka igi. Ẹ fi àmì sí i. Ẹ sọ fún ọkọ tó ń bọ̀ níṣojú ẹbí olóògbé àti àlùfáà pé báyìí báyìí ni. Èyí kì í ṣe àbùkù fún un. Ààbò ni fún un lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀. Bí kò bá sì ṣe igi àgbọn, tí ó jẹ́ ọkọ̀ ojú omi, tàbí yàrá méjì tí wọ́n fi háyà, tàbí owó tí ibi iṣẹ́ olóògbé san, ọ̀kan náà ni.

Bí ìṣirò náà yóò ṣe rí

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ti oṣù sí oṣù. Ní ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó di ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rùn-ún náírà (₦85,000). Ká fi ìyẹn ṣe àpẹẹrẹ fún ìyá ọlọ́mọ méjì. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye tí a fẹ́ kọ yìí. Kí olúkálùkù fi iye tirẹ̀ sí i.

Owó ilé, tí a bá pín ti ọdún sí oṣù: ₦10,000.
Oúnjẹ ẹnu mẹ́ta: ₦35,000.
Ilé ìwé, ìwé àti aṣọ: ₦10,000.
Owó ọkọ̀: ₦10,000.
Àjọ: ₦8,000.
Oògùn: ₦5,000.
Iná, omi àti fóònù: ₦4,000.
Sàárà àti ìrànlọ́wọ́ ẹbí: ₦3,000.

Ó pé ₦85,000. Kò ṣẹ́kù kọ́bọ̀ kan. A kò tíì ka Ràmàdánì, a kò tíì ka aṣọ Iléyá, a kò tíì ka oṣù kẹsàn-án tí àwọn ọmọ ń wọlé sí kíláàsì tuntun. Inú àjọ yẹn ni gbogbo ìyẹn wà.

Ọkọ wá wọlé, kò mú nǹkan kan wá, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè. Oúnjẹ kò ní dúró sí ₦35,000. Ẹran inú ọbẹ̀ yóò pọ̀ sí i, àlejò ọkọ yóò máa yà. Ká ní ó di ₦50,000. Níbo ni ₦15,000 yóò ti wá? Kò ní wá láti inú owó ilé, nítorí pé onílé yóò pariwo. Kò ní wá láti inú owó ọkọ̀, nítorí pé ìyá gbọdọ̀ dé ibi iṣẹ́. Ẹ̀ka tí kò lẹ́nu láti pariwo ni yóò ti wá: ₦8,000 inú àjọ, ₦5,000 inú oògùn, àti ₦2,000 nínú owó ilé ìwé. Ẹ wò ó, kò sí ẹni tó fojú rí ìjà nínú ilé. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó di ọjọ́ tí ibà bá mú ọmọ ní òru kí a tó mọ̀ pé nǹkan kan ti kú nínú ilé náà tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo apá kejì. Ọkọ wọlé, ó gba owó ilé, ó sì gba oúnjẹ tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀. Bí oúnjẹ ìyá bá tó ₦12,000 nínú ₦35,000, ₦22,000 ló bọ́ lọ́rùn rẹ̀ lóṣù. Ìbéèrè mìíràn tún dé: kí ni a ó fi ₦22,000 yìí ṣe? Bí a kò bá ti pinnu kí ó tó dé, yóò di aṣọ ẹgbẹ́, ọkọ náà sì lè máa wò ó bí owó tí òun fi sílẹ̀ tí òun lè yá. Bí a bá ti pinnu, yóò di owó ìdánwò àṣekágbá fún ọmọ, tàbí kí ó di owó òwò. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ohun mìíràn tí àwa ará etíkun gbọdọ̀ fi sọ́kàn ni pé owó tó ń wọlé fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin níbí ń lọ ó ń bọ̀. Owó apẹja ń tẹ̀ lé ojú òkun. Owó oníṣòwò Sẹ̀mẹ̀ ń tẹ̀ lé ẹnubodè. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọn kò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ilé tí ó gbára lé e ni ètò wọn dojú rú. Nígbà tí owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní ìparí oṣù kárùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ láti ibí dé Mile 2 fò sókè. Ẹni tó bá ṣèlérí ní oṣù tí ọjà ń tà, kí á bi í pé: ní oṣù tí ọjà kò bá tà ńkọ́?

Ìbéèrè márùn-ún ni a rí pé ó yẹ kí àwọn méjèèjì dáhùn fún ara wọn. Gbèsè wo ló wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan? Bí ọkùnrin bá ní ìyàwó àti ọmọ níbòmíràn, ilé mélòó ni owó rẹ̀ ń bọ́, ṣé yóò sì lè ṣe déédéé láàrin wọn? Ilé ta ni wọn yóò gbé, orúkọ ta ni yóò sì wà lórí ìwé owó ilé? Kí ni ọkọ yóò máa mú wá, ṣé lójoojúmọ́ ni tàbí lóṣooṣù? Bí owó bá já, kí ni a ó kọ́kọ́ gé, kí sì ni ohun tí a kò ní fọwọ́ kàn láé? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ẹ rántí pé ibi tí Àlùkùránì ti pàṣẹ pé kí á máa kọ gbèsè sílẹ̀ ni ó jẹ́ ẹsẹ tó gùn jù lọ nínú rẹ̀.

Àwọn tó ní ìṣirò kò yẹ

Àwọn kan ní àìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun ni. Ìtàn ẹni tó béèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun mọ́lẹ̀ tàbí kí òun kàn gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun kò ṣàjèjì sí wa. Ìdáhùn tí ó gbà ni pé kí ó so ó kí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé. Ìṣirò ni okùn ràkúnmí ìyá.

Àwọn mìíràn ní ìfẹ́ kì í ka owó. Àwa náà gbà pé ẹni tó bá fẹ́ràn ẹni a máa fún un ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fúnni ní nǹkan gbọdọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó fi ohun ọmọ òrukàn ṣe ọ̀làwọ́, ọ̀làwọ́ ta ló ṣe?

Àwọn kan sì wí pé ọkùnrin yóò sá. Ó lè sá lóòótọ́. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ohun tí a lè fojú kéré, nítorí pé ìdáwà wúwo, ẹnu ayé sì mú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sá fún ìbéèrè ní ọjọ́ kan, ṣé yóò dúró de ìdáhùn rẹ̀ fún ogún ọdún? Ó sàn kí ó sá nígbà tí a kò tíì so yìgì ju kí ó sá nígbà tí a ti bímọ kún ọmọ.

Ibi tí ìṣirò gbọdọ̀ dúró sí

A dé ibi tó ṣòro báyìí. A ti sọ pé òfin kò gbé bùkátà ọmọ ìyàwó lé ọkọ lórí. Ẹnì kan lè wá di òfin yìí mú bí igi: kí ó máa ra ẹran fún ara rẹ̀, fún ìyàwó rẹ̀, àti fún ọmọ tí wọ́n jọ bí, kí ọmọ tí ìyàwó mú wá máa fi omi ọbẹ̀ jẹun nínú yàrá kan náà. Ìyàwó náà lè dì í mú láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀: kí ó ti ilẹ̀kùn àpótí, kí ó ka ìṣù, kí ó máa wí pé èyí jẹ́ ti àwọn ọmọ mi. Àwọn àgbà wa náà sọ pé ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ṣé òwe yìí ni a ó fi ṣe òfin ilé?

Ẹ jẹ́ kí á wo ilé Ànọ́bì fúnra rẹ̀. Ummu Salamah jẹ́ opó. Ọkọ rẹ̀, Abu Salamah, kú ní ọdún kẹrin Hijira lẹ́yìn ọgbẹ́ tí ó gbà ní ogun Uhudu, ó fi àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀ fún un. Nígbà tí Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, kò gbà kí ayọ̀ gbé e lọ. Ó kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀: ọjọ́ orí rẹ̀, owú jíjẹ rẹ̀, àti pé òun ní ọmọ tí òun ń tọ́. Ẹ wo ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, ẹ sì wò ó pé ó ṣì sọ ọ́. Ànọ́bì kò bínú, kò sì pe ìyẹn ní àìgbẹ́kẹ̀lé. Ó fi í lọ́kàn balẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gba àwọn ọmọ náà mọ́ra.

Lẹ́yìn yìgì, obìnrin yìí kan náà tún béèrè bóyá òun ní ẹ̀san nínú ohun tí òun ń ná lórí àwọn ọmọ Abu Salamah, nítorí pé òun kò lè fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ànọ́bì fi yé e pé ó ní ẹ̀san ohun tí ó bá ná lé wọn lórí. Ìyẹn fi hàn wá pé ìyá lè ní ọkọ, kí ó sì máa fi owó ọwọ́ rẹ̀ tọ́ ọmọ tó bí tẹ́lẹ̀, kí ó má sì jẹ́ àbùkù fún ẹnikẹ́ni. Owó wà lọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwo oúnjẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, Umar ọmọ Abu Salamah, ló sọ ìtàn yìí fún wa nígbà tó dàgbà. Ó jókòó ti àwo kan náà pẹ̀lú Ànọ́bì, ọwọ́ rẹ̀ sì ń rìn káàkiri inú àwo bí ọwọ́ ọmọdé. Ànọ́bì kò lé e kúrò nídìí àwo. Ó kọ́ ọ ní ìwà: kí ó dárúkọ Ọlọ́hun, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ, kí ó jẹ níwájú rẹ̀. Ọmọ tí kì í ṣe ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni, inú àwo rẹ̀ ló sì ti ń jẹun.

Ibi tí àlà náà wà nìyí lójú tiwa. Ìwé ìṣirò lè jẹ́ méjì, àwo oúnjẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ méjì. Kí ọkọ àti ìyàwó mọ èyí tó jẹ́ ti oníkálùkù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ bá ti kúrò lórí iná, kí a má rí ọmọ tí a bí síbí àti ọmọ tí a mú wá. Ọmọdé kò mọ ìwé ìṣirò. Ẹran inú àwo ló mọ̀, ó sì ń kà á.

Kí a sì má rò pé ìwé ìṣirò ń lé tálákà sẹ́yìn. Zainab, aya Abdullahi ọmọ Mas'ud, lówó lọ́wọ́ ju ọkọ rẹ̀ lọ, ó sì ń tọ́ ọmọ òrukàn. Ó béèrè bóyá òun lè fi sàárà òun fún ọkọ àti àwọn ọmọ náà. Èsì tí ó gbà ni pé ẹ̀san méjì ni yóò jẹ́ tirẹ̀: ẹ̀san okùn ẹbí àti ẹ̀san sàárà. Ọkọ tí kò lówó kì í ṣe ẹni ìtìjú. Ohun tó yẹ kí á kíyè sí ni pé Zainab mọ̀ pé òun ń fúnni, ọkọ rẹ̀ sì mọ̀ pé òun ń gbà. Kò sí ẹni tó fi irọ́ bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyànjú

Ẹ̀yin ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ìyá ọlọ́mọ, iṣẹ́ rere lẹ fẹ́ ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ó di pé ilé tó wà létòlétò lẹ wá fi orí pamọ́ sí. Ẹ sọ iye tí ẹ ní, bí ó tilẹ̀ kéré. Ẹ má sì ní kí ìyàwó tuntun lọ yá owó ní orúkọ rẹ̀ fún yín, kí ó má di pé àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò san án.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ṣírò, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ìhámọ́ra. Ẹni tó wá fi òótọ́ inú hàn, ẹ jẹ́ kí ó rí òótọ́ inú tiyín náà. Ẹ sọ gbèsè yín. Kí ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, kí òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Ẹ̀yin òbí àti àlùfáà, níbi tí ẹ bá ti ń béèrè sọ̀dáàkì, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ pẹ̀lú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbà, ó sì lè gba ọmọ kan lọ́wọ́ ìyà ọdún mẹ́wàá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Kí ọkùnrin máa gbé ilé obìnrin láìsí yìgì kò sí nínú ohun tí a ń sọ. Ẹ̀sìn wa ti dí ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ́ bí a ti ń fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ owó nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, yóò fi omijé sọ ọ́ nígbà tó bá dàgbà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi àlùbáríkà sí owó wa, kí Ó má jẹ́ kí á jẹ ohun ọmọ òrukàn mọ̀ọ́mọ̀ tàbí àìmọ̀ọ́mọ̀. Kí Ó fún àwọn tó ń dá ọmọ tọ́ ní ẹnì kejì rere, kí Ó sì jẹ́ kí àwo tí a jọ ń jẹ kún. Àmín.